Kámẹ́rà àtijọ́, bátìrì tuntun: Ìdí tí fọ́tò fi ń ṣókùnkùn àti ọ̀nà àbáyọ

Tí ọ̀pọ̀ ọmọ Naijiria bá gbọ́ orúkọ Jeppestown, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn ni rògbòdìyàn ìkórìíra àjèjì tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, nígbà tí wọ́n dáná sun ṣọ́ọ̀bù àti ọkọ̀ lójú pópó Jules Street.

Àmọ́ àdúgbò yìí, tó wà ní ìlà oòrùn àárín gbùngbùn ìlú Johannesburg lórílẹ̀èdè South Africa, ní ìtàn mìíràn. Ó wà lára àwọn àdúgbò tó pẹ́ jùlọ nílùú náà. Àwọn ilé ìkẹ́rù àti ilé iṣẹ́ àtijọ́ tó wà ní Maboneng, létí rẹ̀, sì ti di ibi tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ń lò.

Ọdún 2009 ni ibùdó Arts on Main bẹ̀rẹ̀ ní Maboneng. Ọdún yẹn náà ni iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní I Was Shot in Joburg bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ti fún àwọn ọmọ tó ti gbé ní títì rí ní kámẹ́rà fíìmù tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n fi ya ìlú wọn bí àwọn fúnra wọn ṣe rí i.

Fọ́tò yíyà kì í ṣe nǹkan kékeré ní Johannesburg. Níbẹ̀ ni ìwé ìròyìn Drum, tó tún ní ẹ̀dà tiẹ̀ ní Naijiria, ti gbèrú. Níbẹ̀ ni Peter Magubane àti Ernest Cole ti fi kámẹ́rà tú àṣírí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà fáyé rí. Níbẹ̀ náà ni David Goldblatt ti dá ilé ẹ̀kọ́ Market Photo Workshop sílẹ̀ lọ́dún 1989.

Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ tó ní kámẹ́rà lórí fóònù wọn tún ń wá kámẹ́rà fíìmù kiri. Àwọn kan rà á ní àlòkù, àwọn mìíràn bá a nínú àpótí bàbá wọn. Yálà Jeppestown ni wọ́n wà o, yálà Ìbàdàn, Cotonou tàbí Peckham ní London, ìṣòro kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń bá pàdé: bátìrì tí wọ́n ṣe kámẹ́rà náà fún kò sí lọ́jà mọ́.

Wọ́n á wá ra òmíràn tó bá a mu. Á wọlé, abẹ́rẹ́ inú kámẹ́rà á máa mì, gbogbo nǹkan á dà bí ẹni pé ó ti bọ́ sípò. Ọjọ́ tí wọ́n bá fọ fíìmù ni wọ́n máa tó mọ̀ pé fọ́tò ti bàjẹ́.

Bátìrì wo ló sọnù?

Láti nǹkan bí ọdún 1960 sókè, àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà ní Japan àti Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ kékeré kan nínú kámẹ́rà, èyí tó ń mọ ìmọ́lẹ̀ lára tó sì nílò bátìrì. Ẹ̀rọ yìí ló ń sọ fún ayàwòrán bóyá ìmọ́lẹ̀ tó máa bọ́ sórí fíìmù ti pọ̀ jù, ti kéré jù, tàbí pé ó ṣe rẹ́gí.

Iná tó nílò kò tó nǹkan, nítorí náà bátìrì tó dà bí bọ́tìnnì ni wọ́n ń lò fún un. Èyí tó wọ́pọ̀ jùlọ ni PX625, tí wọ́n tún ń pè ní PX13 tàbí MR9. Mẹ́kúrì wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é. Samuel Ruben, ọmọ Amẹ́ríkà, ló gbé irú bátìrì yìí jáde nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, òun àti ilé iṣẹ́ P.R. Mallory, tó padà di Duracell, ni wọ́n sì jọ ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Àbùdá kan ló jẹ́ kí àwọn oníkámẹ́rà fẹ́ràn rẹ̀. Agbára rẹ̀ jẹ́ fóltì 1.35, ibẹ̀ ló sì ń dúró sí láti ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ lò ó títí di ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó kú. Kì í lọ sókè, kì í sọ̀ kalẹ̀.

Nítorí ìdúróṣinṣin yìí, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kò tilẹ̀ ṣe ohunkóhun sínú kámẹ́rà tí yóò máa ṣàkóso iná. Bátìrì fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Ọjọ́ tí bátìrì náà bá yí padà, òṣùwọ̀n ti yí padà nìyẹn.

Kí ló dé tí wọ́n fi fòfin dè é?

Májèlé ni mẹ́kúrì. Ó ń ba ọpọlọ àti iṣan ara jẹ́, ó sì lè ti ara ìyá wọ inú ọmọ tí wọn kò tíì bí.

Ibi tí aráyé ti rí i kedere ni Minamata, ìlú kan létí òkun ní Japan. Ilé iṣẹ́ Chisso da omi ìdọ̀tí tó ní mẹ́kúrì sínú òkun fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹja gbé e mì, àwọn ènìyàn sì jẹ ẹja. Ọdún 1956 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde àìsàn náà.

Ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà, W. Eugene Smith, àti ìyàwó rẹ̀, Aileen, lọ gbé níbẹ̀ láti ọdún 1971. Fọ́tò tí wọ́n yà, tí ìwé ìròyìn Life gbé jáde lọ́dún 1972, wà lára ohun tó jẹ́ kí gbogbo àgbáyé mọ̀ nípa ìyà tó ń jẹ àwọn ará Minamata. Minolta SR-T 101 wà lára kámẹ́rà tí Smith lò. Bátìrì mẹ́kúrì ni kámẹ́rà yẹn náà ń lò.

Orúkọ ìlú yìí ni wọ́n fi sọ àdéhùn àgbáyé tó ń dín lílo mẹ́kúrì kù. Wọ́n fọwọ́ sí i ní Japan lóṣù Kẹwàá ọdún 2013, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù Kẹjọ ọdún 2017. Naijiria wọ inú rẹ̀ lọ́dún 2018, South Africa sì ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2019.

Kó tó dìgbà náà, Amẹ́ríkà ti fòfin de títa bátìrì bọ́tìnnì oní-mẹ́kúrì láti ọdún 1996, Yúróòpù náà sì tẹ̀lé e. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ń ta PX625 “ojúlówó” fún yín lónìí, ọ̀kan nínú méjì ni: yálà ó ti pẹ́ nínú páálí láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, tàbí kì í ṣe mẹ́kúrì ló wà nínú rẹ̀.

Báwo ni bátìrì ṣe ń ba fọ́tò jẹ́?

Ẹ fojú inú wo táńkì omi tí wọ́n gbé sórí òpó, ẹ̀rọ omi kan tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àti àgbá kẹ̀kẹ́ kékeré tí omi náà ń yí.

Bátìrì ni táńkì. Ẹ̀rọ omi ni ẹ̀yà tó ń mọ ìmọ́lẹ̀ lára nínú kámẹ́rà: bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀, ó máa ń ṣí sílẹ̀ sí i, bí ó bá kéré, ó máa ń pa dé. Àgbá kẹ̀kẹ́ ni abẹ́rẹ́ tí ẹ máa ń rí bí ẹ bá fi ojú sí ihò kámẹ́rà.

Bí ẹnìkan bá wá gbé táńkì náà ga ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, omi á máa tú jáde pẹ̀lú agbára, kẹ̀kẹ́ á sì máa sáré sí i, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ omi.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn bí ẹ bá fi bátìrì alkaline oní-fóltì 1.5, tàbí ti fàdákà oní-fóltì 1.55, sínú kámẹ́rà tó ń retí 1.35. Abẹ́rẹ́ á lọ sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe wà lọ, á sì ní kí ẹ dín in kù. Ìmọ́lẹ̀ tó máa bọ́ sórí fíìmù lè dín kù sí ìdajì, nígbà míì ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti alkaline tún ní wàhálà kejì. Agbára rẹ̀ kì í dúró lójú kan: á bẹ̀rẹ̀ láti 1.5, á sì máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń lò ó. Àṣìṣe ọ̀sẹ̀ yìí kọ́ ni yóò jẹ́ àṣìṣe oṣù tó ń bọ̀.

Ojú ènìyàn ló ń kọ́kọ́ sọnù

Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó lórí fíìmù, kì í ṣe gbogbo fọ́tò ló ń bàjẹ́ bákan náà. Ibi tó ti ṣú díẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń kọ́kọ́ pòórá.

Léèsì funfun á ṣì hàn, ojú ọ̀run á ṣì mọ́lẹ̀. Àmọ́ ojú ènìyàn dúdú tó wà lábẹ́ gèlè, ilà ojú àgbà, àti ọnà ara aṣọ òkè tó jẹ́ àwọ̀ ẹtù, á di òkùnkùn kan náà. Bí fíìmù aláwọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ sórí ìwé bá gba ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ díẹ̀, ó ṣeé tún ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí kò bá sí lórí nẹ́gátíìfù, kò sí ẹni tó lè fi síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tẹ fọ́tò.

Àwọn Yorùbá mọ bí fọ́tò ṣe lè ṣe pàtàkì tó. Lọ́dún 1978, olùwádìí ọmọ Amẹ́ríkà, Stephen Sprague, gbé àpilẹ̀kọ jáde lórí iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Yorùbá, pàápàá àwọn tó wà ní Ìlá Ọ̀ràngún. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa ń tẹ fọ́tò ọmọ kan lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo bí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì bá ti kú, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé lè tún jókòó pọ̀.

Ọ̀pọ̀ ìdílé ló jẹ́ pé fọ́tò kan péré ni wọ́n ní ti ìyá àgbà wọn. Fíìmù kan kò ju fọ́tò 24 tàbí 36 lọ, owó rẹ̀ ń gbówó lórí, ẹ kò sì lè wo fọ́tò náà lójú ẹsẹ̀ bí ti fóònù. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kì í wáyé lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé bátìrì ṣìnà.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ ló ń sọ irú bátìrì tó jẹ́

Kí ẹ tó ra bátìrì, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Àmì tí wọ́n ń lò káàkiri àgbáyé máa ń fi lẹ́tà kan sọ ohun tó wà nínú rẹ̀:

• M ni mẹ́kúrì, fóltì 1.35. Àpẹẹrẹ ni MR9. Èyí ni wọn kò ṣe mọ́.

• L ni alkaline, fóltì 1.5. Àpẹẹrẹ ni LR44 àti LR9.

• S ni fàdákà, fóltì 1.55. Àpẹẹrẹ ni SR44 àti SR43.

• P ni síǹkì tó ń lo afẹ́fẹ́, fóltì 1.4. Àpẹẹrẹ ni PR44, tí wọ́n ń pè ní 675, tí wọ́n ń fi sínú ẹ̀rọ ìgbọ́ràn àwọn tó ń ní ìṣòro etí.

• C ni lithium, fóltì 3. Ẹ má fi sínú kámẹ́rà àfi tí ìwé ìlànà rẹ̀ bá ní kí ẹ lò ó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀ ni PX625A. Ó jọ PX625 bí ìbejì, ó sì wọ inú kámẹ́rà láìsí wàhálà. Àmọ́ A tó wà ní ìparí rẹ̀ ń sọ pé alkaline ni. LR44 àti SR44 náà rí bákan náà lójú, títóbi wọn kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n ti fàdákà ló ń dúró lójú kan.

Irú kámẹ́rà wo lẹ ní?

Kì í ṣe gbogbo kámẹ́rà àtijọ́ ló ní ìṣòro yìí. Ẹ lè pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí kò nílò bátìrì rárá. J.D. ‘Okhai Ojeikere, ayàwòrán ọmọ Naijiria tó di ìlúmọ̀ọ́ká nítorí fọ́tò irun dídì tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà lọ́dún 1968, lo Kodak Brownie nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1950. Kò sí bátìrì nínú ìyẹn. Olympus Trip 35 àti Zenit-E ní ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń fún un ní agbára, bíi sólà. Tí ẹ bá fẹ́ ra Trip 35, ẹ fi ọwọ́ bo iwájú rẹ̀, kí ẹ sì gbìyànjú láti ya fọ́tò. Àmì pupa gbọ́dọ̀ yọ, kámẹ́rà náà kò sì gbọdọ̀ gbà. Tó bá gbà, ẹ̀rọ rẹ̀ ti kú.

Ìkejì ni èyí tí wọ́n ṣe fún bátìrì òde òní. Pentax K1000 àti Nikon FM ń lo LR44 tàbí SR44. Canon AE-1 ń lo oní-fóltì 6 tí wọ́n ń pè ní 4LR44. Ẹ rà á, ẹ fi sí i, ó parí. Ẹ kàn rántí pé K1000 kò ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á: ẹ máa fi ìdérí bo lẹ́ńsì rẹ̀ tí ẹ kò bá lò ó, kí bátìrì má baà tán.

Ìkẹta ni èyí tí wọ́n ṣe fún mẹ́kúrì, àmọ́ tí kò bìkítà bí agbára bá yàtọ̀ díẹ̀. Pentax Spotmatic, tó jáde lọ́dún 1964, ni àpẹẹrẹ rẹ̀ tó lókìkí jù. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ dà bí òṣùwọ̀n alápá méjì tí àwọn oníṣòwò ń lò. Ó ń fi apá kan wé èkejì ni. Tí agbára bá pọ̀ sí i, apá méjèèjì ló máa kàn, abẹ́rẹ́ á sì dúró sí àárín níbi tó yẹ. Bátìrì fàdákà tó bá ihò rẹ̀ mu ti tó.

Ìkẹrin ni èyí tó ń retí fóltì 1.35 tí kò sì gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Minolta SR-T 101, Canon FTb, Canonet QL17 G-III, Olympus OM-1 àti Rollei 35 wà níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni kámẹ́rà tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gan-an.

Ọ̀nà àbáyọ mẹ́rin fún kámẹ́rà ìkẹrin

*Bátìrì ẹ̀rọ ìgbọ́ràn.* Èyí ni owó rẹ̀ kéré jù láti fi bẹ̀rẹ̀. 675 jẹ́ nǹkan bíi fóltì 1.4, kò jìnnà sí ti mẹ́kúrì, ó sì ń dúró lójú kan. Wọ́n sábà máa ń ta mẹ́fà pọ̀ ní ilé oògùn ńlá àti níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ ìgbọ́ràn.

Fífẹ̀ rẹ̀ kò tó mìlímítà 12, nígbà tí PX625 fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 16. Ẹ lè fi òrùka rọ́bà yí i ká kó má baà máa yẹ̀. Ẹ má lo bébà fàdákà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí ó lè so ẹnu bátìrì méjèèjì pọ̀.

Afẹ́fẹ́ ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ẹ yọ ìlẹ̀mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó gba atẹ́gùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tó fi sí i. Ẹ má sì dí ihò kékeré tó wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí ìlẹ̀mọ́ náà bá ti kúrò, ọjọ́ ayé rẹ̀ ti ń lọ, yálà ẹ ya fọ́tò tàbí ẹ kò yà. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù díẹ̀ ló ń lò. Afẹ́fẹ́ tó gbẹ gan-an, bíi ti ìgbà òtútù ní Johannesburg tàbí ti ọyẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, máa ń gbẹ omi inú rẹ̀ kíákíá. Ẹ fi tuntun sí i nígbà tí òde ìyàwó bá kù sí dẹ̀dẹ̀.

*Ìkòkò bátìrì tó ní dáyódì.* Irin kékeré kan ni, ó tóbi bíi PX625, ẹ sì máa fi bátìrì fàdákà sínú rẹ̀. Dáyódì tó wà nínú rẹ̀ máa ń mú nǹkan bíi fóltì 0.2 kúrò nínú 1.55, ìyókù á sì jẹ́ 1.35. Owó rẹ̀ pọ̀ ju ti bátìrì lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa rà á.

Ẹ ṣọ́ra o: àwọn kan wà lọ́jà tó jẹ́ irin lásán. Wọ́n á jẹ́ kí bátìrì bá ihò mu, àmọ́ wọn kò dín agbára rẹ̀ kù. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

*Kí oníṣẹ́ tún un ṣe.* Ẹni tó mọ̀ nípa àtúnṣe kámẹ́rà lè fi dáyódì sínú kámẹ́rà náà gan-an, tàbí kó tún abẹ́rẹ́ rẹ̀ tò fún bátìrì fàdákà. Èyí dára bí kámẹ́rà náà bá ti fẹ́ gba ìtọ́jú tẹ́lẹ̀.

*Kí ẹ yí nọ́ńbà ISO padà.* Bí ẹ bá ti mọ̀ pé kámẹ́rà yín ń gé ìmọ́lẹ̀ sí ìdajì, ẹ lè gbé e sí ISO 200 nígbà tí fíìmù inú rẹ̀ jẹ́ 400. Á gbà kí ìmọ́lẹ̀ wọlé sí i. Bátìrì fàdákà nìkan ni kí ẹ fi ṣe èyí, kì í ṣe alkaline. Kò sì péye tán, torí àṣìṣe tó wà nínú oòrùn lè yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú yàrá.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bó bá ti dára?

Ẹ má fi fíìmù dán an wò. Ẹ gba áàpù tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ sórí fóònù yín, tàbí kí ẹ yá kámẹ́rà òde òní lọ́wọ́ ọ̀rẹ́.

Ẹ fi ISO kan náà sórí méjèèjì. Ẹ kọ wọ́n sí ògiri kan tí àwọ̀ rẹ̀ bá ara mu, tí kò funfun jù tí kò sì dúdú jù. Ẹ kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ sílẹ̀. Ẹ ṣe é nínú oòrùn, ẹ ṣe é lábẹ́ ibòji, kí ẹ sì ṣe é nínú ilé.

Bí méjèèjì bá fẹnu kò níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ lè fọkàn balẹ̀. Bí kámẹ́rà àtijọ́ bá ń sọ níbi gbogbo pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀ ju ohun tí fóònù sọ lọ, bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá yàtọ̀ síra láìní orí tàbí ìdí, ẹ̀rọ inú rẹ̀ lè ti gbó, bátìrì kankan kò sì lè tún ìyẹn ṣe.

Tí kò bá sí bátìrì rárá ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pa kámẹ́rà tì nítorí wọ́n rò pé kò lè ṣiṣẹ́ láìsí bátìrì. Èyí kì í ṣe òótọ́ fún púpọ̀ nínú wọn. Nínú SR-T 101, OM-1, FTb, Spotmatic, Rollei 35, K1000 àti Nikon FM, ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nìkan ni bátìrì wà fún. Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ á ṣì máa ya fọ́tò. Canon AE-1 ló yàtọ̀: bí bátìrì rẹ̀ bá kú, kò ní gbà.

Ìlànà kan sì wà tí àwọn ayàwòrán ti ń lò ṣáájú kí ẹ̀rọ yìí tó dé. Bí oòrùn bá mú ganrínganrín, ẹ fi lẹ́ńsì sí f/16, kí ẹ sì fi ìyára kámẹ́rà sí nọ́ńbà tó bá sún mọ́ ISO fíìmù yín. Fún fíìmù 400, 1/500 ni.

Bí ọyẹ́ tàbí ìkùukùu fẹ́ẹ́rẹ́ bá bo oòrùn, ẹ lọ sí f/11. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, f/8. Bí òjò bá ṣú dẹ̀dẹ̀, f/5.6. Bí ẹni tí ẹ fẹ́ yà bá wà lábẹ́ ibòji ilé tàbí igi, f/4. Tí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ díẹ̀ fún fíìmù tí wọ́n ń tẹ̀ sórí ìwé.

Ewu tó wà nínú ilé

Ẹni tó bá ra kámẹ́rà tó ti pẹ́ gbọ́dọ̀ ṣí ibi tí bátìrì ń gbé kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Bátìrì mẹ́kúrì lè ṣì wà níbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́.

Tí ẹ bá rí i, ẹ má fi ọwọ́ lásán mú un, pàápàá tó bá ti ń yọ nǹkan funfun tàbí àwọ̀ ewé. Ẹ fi í sínú ọ̀rá tàbí ike, ẹ dì í pa. Ẹ má sun ún, torí èéfín rẹ̀ ní májèlé, ẹ má sì jù ú sínú gọ́tà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àjọ tó ń kó ilẹ̀ ní agbègbè yín, bíi Pikitup ní Johannesburg tàbí LAWMA nílùú Èkó, nípa ibi tí wọ́n ti ń gba ìdọ̀tí tó léwu.

Ewu kejì kàn gbogbo bátìrì bọ́tìnnì, títí kan àwọn tuntun. Ọmọdé lè gbé e mì kíákíá. Bó bá há sí ọ̀nà ọ̀fun, pàápàá èyí tó tóbi tó sì jẹ́ lithium, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í jó ẹran ara láàrin wákàtí méjì péré.

Bí ẹ bá fura pé ọmọ ti gbé bátìrì mì, ẹ má dúró kí ẹ wo bó ṣe máa ṣe é, ẹ má sì fi ipá mú un bì. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ mú páálí bátìrì náà dání kí dókítà lè mọ irú èyí tó jẹ́.

Kí ni kí ẹ dì mú?

Wọ́n ti fòfin de bátìrì mẹ́kúrì nítorí ẹ̀mí ènìyàn, kò sì yẹ kó padà wá. Àmọ́ kámẹ́rà tó ń lò ó tẹ́lẹ̀ kò tíì kú.

Ìyàtọ̀ tó wà láàrin bátìrì àná àti tòní kò ju fóltì 0.15 tàbí 0.2 lọ. Ẹni tó bá mọ irú kámẹ́rà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ka lẹ́tà tó wà lẹ́yìn bátìrì, tó sì fi fóònù dán an wò kó tó ki fíìmù sí i, lè fi kámẹ́rà bàbá rẹ̀ ya ọmọ rẹ̀, kí ojú ọmọ náà sì hàn kedere.